Ta Ló Fún Ṣọ́ọ̀ṣì Nílẹ̀?

Ní ìlú Fossum, ní Minnesota, ilé kan wà tí àwọn ará ìlú ń kó ẹrù àwọn baba ńlá wọn tó ti Norway wá pamọ́ sí. Ìdílé Rud ló ni ilé náà. Ìdílé Lien ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ibẹ̀: àpótí tí wọ́n ya òdòdó sí lára, kẹ̀kẹ́ ìrànwú, Bíbélì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Inez Tollefson, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí ìdílé méjèèjì ti ń jiyàn lórí ẹni tó fún ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, wọ́n bá lẹ́tà pásítọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ̀wé ayé àtijọ́ ni. Inez nìkan ló kù tó lè kà á. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Tó bá gbe Lien, Àǹtí Inez, màá gba ilé mi," ni Palmer Rud wí.

"Tó bá sì gbe Rud, màá kó ẹrù mi," ni Arlys Lien dáhùn. "Kí Palmer máa dá jókòó síbẹ̀. Àlejò á rò pé òun náà wà lára ohun àtijọ́."

Inez ní kí wọ́n fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Palmer lórí fóònù, ó béèrè orúkọ ẹṣin baba ńlá rẹ̀.

"Blakken. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Arúgbó ni mí. Mo kàn ń béèrè ni."

Ó pe Arlys náà, ó béèrè irú irin tí baba ńlá tirẹ̀ fi ń túlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ kóra jọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Inez mu kọfí rẹ̀ tán, ó nu awò ojú rẹ̀, ó sì ka lẹ́tà náà. Gẹ́gẹ́ bó ṣe kà á, Rud mú ẹṣin rẹ̀ Blakken wá, Lien mú irin ìtúlẹ̀ wá, wọ́n jọ la ààlà ilẹ̀ náà, wọ́n sì jọ fi í fún Ọlọ́run. Ojú ìwé kan péré ni lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ pẹ́.

Palmer dorí kodò. Arlys gbé àwo lefse, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Norway, sún mọ́ ọn.

"Bọ́tà ẹ ti pọ̀ jù," ni Palmer wí, ó sì mú méjì.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé ilé àti ẹrù ti di ti ìlú títí láé. Wọ́n fẹ́ gbé lẹ́tà náà kọ́ sára ògiri. Inez ní ìmọ́lẹ̀ máa ń pa tàdáwà àtijọ́ rẹ́, ó sì tì í mọ́nú àpótí.

Ohun tí pásítọ̀ kọ sínú lẹ́tà náà gan-an ni pé ará Sweden kan ló fún ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀, àti pé ohun kan ṣoṣo tí Rud àti Lien tíì fẹnu kò lé lórí rí ni pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́.