Wákàtí Mẹ́ta ní Upenmen

Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó gbéra láti Ìbàdàn dúró ní Ọ̀wọ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán. Àkúrẹ́ ni wọ́n sùn mọ́jú, Bìní ni wọ́n ń lọ. Ìyá Ṣèyíọlá, tó jẹ́ olórí ìrìn àjò náà, ní kí oníkálukú padà sínú ọkọ̀ ní aago mẹ́ta. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e lọ wo ààfin. Fúnmiọlá nìkan ló ní òun ò bá wọn lọ.

"Níbo lẹ forí lé?"

"Upenmen. Ibẹ̀ la ti máa ń lo ìsinmi nígbà tá a wà ní kékeré, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin."

"Ẹ má pẹ́ o. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó gun ọ̀kadà. Ó ní kí ọlọ́kadà dúró de òun tí wọ́n bá débẹ̀, ìyẹn sì gbà. Oko ẹ̀gẹ́ àti igi kòkó ló ń wò lọ lójú ọ̀nà. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún ni bàbá wọn máa ń kó òun àti Tẹniọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá láti Ìbàdàn. Wọ́n á wẹ̀ lódò, wọ́n á sun àgbàdo, àwọn àti Jonah, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Oyèkẹ́, àbúrò bàbá wọn yìí, bí, á sì jọ sùn lórí ẹní kan náà nígbà tí òjò bá ń lu páànù.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Fúnmiọlá lọ́jọ́ tó ń fi ìṣáná ṣeré nínú abà, tí abà náà jó pẹ̀lú gbogbo kòkó ọdún yẹn. Ó ní Jonah ni. Bàbá Jonah na ọmọ náà títí pàṣán fi ṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Jonah ti bá ọ̀nà Ìfọ́n lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Bàbá Fúnmiọlá àti àbúrò rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, títí bàbá fi kú.

Ó di ọdún méjìdínláàádọ́ta. Lọ́dún tó kọjá ni ará Ọ̀wọ̀ kan sọ fún un pé Màmá ṣì wà láyé, pé ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́. Fúnmiọlá ti kọ́ ohun tí yóò sọ sórí láti Àkúrẹ́. Yóò kúnlẹ̀. Yóò sọ ọ́. Yóò tọrọ àforíjì.

Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà rọ́bà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ oko ṣì tutù lára rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

Màmá yí orí sí i. "Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yín ni, Mà. Láti Ìbàdàn."

"Sún mọ́ mi."

Ó fi ọwọ́ wá ojú Fúnmiọlá, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, títí ó fi kan àpá tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, èyí tó ní nígbà tó já bọ́ lórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀.

"Tẹniọlá!" Màmá pariwo. "Ọmọ mi Tẹniọlá!"

Fúnmiọlá la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá ti fà á mọ́ra, ó ń kí i ní èdè Ọ̀wọ̀ tí Fúnmiọlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé tán. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mọ́ ọn báyẹn.

"Èmi ni, Mà," ó ní.

Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Eku ni," ó ní. "Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jáde." Ó wá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Iṣu sísun wà nínú àwo yẹn. Epo lásán ni kó o fi jẹ ẹ́, mi ò bu ata sí i."

Fúnmiọlá jẹun. Kì í jẹ ata láti kékeré. Wọ́n sọ̀rọ̀ odò, wọ́n sọ̀rọ̀ àgbàdo, Màmá sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Fúnmiọlá wà dáadáa, Mà."

"Kò bá ọ wá?"

"Kò bá mi wá."

Màmá gbé ọ̀pá lé itan. "Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí abà jó. Ta ló ṣá ìṣáná? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún mi lónìí, mi ò ní bá a jà."

Nǹkan dún nínú yàrá, bí ìgbà tí àga bá yẹ̀. Fúnmiọlá ń wo epo tó wà ní ìka rẹ̀.

"Mi ò rántí mọ́, Mà."

"O ò rántí."

"A ṣì kéré nígbà yẹn."

Adìẹ kan kọjá láàárín wọn, Màmá fi ọ̀pá lé e.

"Jonah ti kú. Kò tíì pé ọdún kan tó kúrò nílé. Abẹ́ afárá ni wọ́n ti rí i ní Sapele, aṣọ tó wọ̀ lọ náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó mú aṣọ náà wá fún mi ní, títí tó fi dákẹ́, ohun tó ń sọ ò ju, 'Èmi kọ́.'"

Fúnmiọlá kúnlẹ̀. Ó sunkún títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló la ẹnu. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," nìkan ló jáde.

Ọlọ́kadà fọn fèrè. Aago méjì ààbọ̀ ti lù.

"Bá mi sọ ọ́ fún Fúnmiọlá," Màmá ní. "Má fi ìkankan pa mọ́."

"Màá sọ fún un, Mà."

Nígbà tó dé Ọ̀wọ̀, wọ́n ti ń ka èrò inú bọ́ọ̀sì. Ìyá Ṣèyíọlá bi í bóyá ó bá wọn nílé. Ó ní òun bá wọn, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Ní Upenmen, ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun ṣílẹ̀kùn yàrá, ó jáde wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Ìyá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún Tẹniọlá pé mo ti kú?"

"Tẹniọlá kọ́, Jonah," Màmá ní, "Fúnmiọlá ni, mo ti mọ̀ kó tó jókòó, jẹ́ kó máa gbé òkú rẹ lọ."