Ẹ Má Dìbò fún Vollmer

Ilé kẹtàdínlógójì rèé tí mo ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ lónìí.

Ọ̀la ni ìbò àárín sáà ààrẹ.

Màmá Hedstrom, opó tó ń gbé létí odò, kò ṣílẹ̀kùn. Inú ilé ló ti ń dá mi lóhùn.

"Bó bá jẹ́ torí ìbò lo ṣe wá, máa lọ. Ọ̀bọ kan náà ló bí gbogbo yín."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìbò fún Vollmer. Ó gba rìbá lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ba odò yìí jẹ́."

"Ta ni ò tíì gbọ́ ìyẹn?"

"Ó fẹ́ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìdíje, àwọn elétò ìdìbò ní àwọn ti tẹ ìwé ìbò tán. Bó bá wọlé, okùn iléeṣẹ́ yẹn ò ní kúrò lọ́rùn ẹ̀ mọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti fi ìbò tèmi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Vollmer ni mo dì í fún."

"Kí ló dé, Màmá?"

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Torí mo gbọ́ pé o fẹ́ sá lọ, Curtis Vollmer. Ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n ba odò yìí jẹ́. Ìwọ náà ni wàá dúró tún un ṣe."