Àmì Ohùn

Ó tó oṣù mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà alágbèéká gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gba àtúnṣe tuntun. Lójoojúmọ́ ló ń tẹ ibi tí wọ́n kọ "Ó dìgbà mìíràn" sí, tó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù tí oníbàárà ń dúró dè. Gbẹ́nàgbẹ́nà pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà. Tíṣà ló máa ń pè é.

Tíṣà wọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹni tó bá gba inú ilé yóò kọjá lẹ́nu yàrá ìyá wọn. Láti ọdún mẹ́ta tí ìyá náà ti kú ni kò ti gba ibẹ̀ kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tíṣà! Wá wo ẹ̀rọ yìí o, ó ti ya olóríkunkun."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ya olóríkunkun. Oṣù mẹ́rin lẹ fi ń ní kó dìgbà mìíràn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ayùn ti gé ìka méjì níbẹ̀, gbá eérún pákó kúrò lórí àga kí Tíṣà lè jókòó. Nítorí àwọn ìka wọ̀nyẹn, kì í fọwọ́ tẹ̀wé. Ẹnu ló fi ń sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí àmì kankan lórí.

Bó ṣe ṣe náà nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn, tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Tíṣà: "Mo wa pelu Mama. Ma wa." Tíṣà kà á pé kóun má wá. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀. Kò tilẹ̀ pè láti béèrè. Ọjọ́ kẹrin ni ìyá wọn kú.

Nígbà tí ẹbí péjọ, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn béèrè ìdí tí Tíṣà kò fi wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣí kọ̀ǹpútà, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn: "Mo wà pẹ̀lú Màmá. Máa wá."

Tíṣà ní "má wá" lòun kà.

"Ta ló máa sọ fún ọmọ pé kó má wá wo ìyá ẹ̀?" ni àgbà náà bi í.

Láti ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i kì í rí máàkì gbà lọ́wọ́ Tíṣà.

Àtúnṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n máa wò ó lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti foríjì ẹ́ tipẹ́."

"Oṣù mẹ́jọ lẹ fi ń wẹ̀ fún Màmá, tẹ́ ẹ ń bọ́ wọn. Èmi ò ṣe tọjọ́ kan péré."

Gbẹ́nàgbẹ́nà mú pépà tó fi ń dán pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ẹsẹ̀ àga kan.

"Síbẹ̀, ìwọ ni wọ́n ń pè," ó ní. "Tí mo bá bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á ní, 'Ọmọ mi obìnrin ńkọ́?'"

Omijé bọ́ lójú Tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èébú lọ.

Ẹ̀rọ kú, ó tún tàn, ó sì to àwọn ohun tuntun tó mú wá síwájú wọn. Tíṣà ń kà á fún un. Lẹ́tà lè tóbi sí i fún àgbà. Iná ojú ẹ̀rọ yóò máa rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ tílẹ̀ bá ń ṣú.

"Ìyẹn dáa," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí.

"Èyí tó kù yìí gan-an ni tèmi. Á máa fi àmì ohùn sórí ohun tẹ́ ẹ bá sọ sí i. Á fi sórí tàtijọ́ náà, torí gbogbo ohùn tẹ́ ẹ ti sọ sí i ló kó pa mọ́."

Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lórí ẹsẹ̀ àga.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Pa á ná, Tíṣà. Ọ̀nà jíjìn lo ti wá. Jẹ́ ká lọ jẹun."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

"Kí lo fẹ́ fi tàtijọ́ ṣe? Ohun tó ti lọ ti lọ."

Tíṣà rò pé ẹ̀gbọ́n òun kò fẹ́ kóun tún sunkún ni, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà títí tó fi rí i. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pẹ̀lú àmì lórí lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbà pé òun lòun jẹ̀bi, kó sì wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó rí pa á lẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

"Ẹ wá wò ó! 'Mo wà pẹ̀lú Màmá. Má wá.' Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyìí náà ṣì í kà bíi tèmi!"

"O rí i? Irọ́ ló ń pa." Pépà ti bọ́ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. "Pa á."

"Rárá o, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn yín gangan, kí n lè bá a wí." Ó na ìka sí àwòrán etí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

"Tíṣà, mo bẹ̀ ẹ́."

Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó là ketekete, "Mo wà pẹ̀lú Màmá, má wá," lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá wọn, tó ti rẹ̀, béèrè láti ọ̀ọ́kán pé, "Ṣé o ti ní kó máa bọ̀?", ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dáhùn pé, "Mo ti sọ fún un, Màmá."