Àna Yín Wà Níwájú

"Ẹnjiníà, ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́!" Ìyá alásíá pupa fò bọ́ sínú gọ́tà. Díẹ̀ ló kù kí mọ́tò gbá a, lábẹ́ pátákó oníná tó ń kọ yanran pé: Ẹ RỌRA, A Ń TÚN TÍTÌ ṢE.

"Kí ni kí n wá kọ, Màmá?"

"Ẹ kọ ọ́ pé: Ẹ RỌRA, ÀNA YÍN WÀ NÍWÁJÚ."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn mọ́tò tó ń já bọ̀ láti orí òkè Ọ̀kà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Dírẹ́bà tírélà ṣí fìlà. Ààfáà kan tó níyàwó mẹ́ta wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni Kọ̀rólà kan dúró. Ọmọkùnrin tó ń wà á bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì gbígbóná.

"Ẹ má bínú, Mà. Mo dá yín mọ̀ nínú fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ wá sọ fún yín. Mi ò mọ̀ pé Ìbíyínká ti sọ ọ́."

Ìbíyínká, ọmọbìnrin Ìyá alásíá, kò sọ nǹkan kan fún un rí. Ìyá nu òógùn ojú, ó fi àsíá há abíyá.

"Gbogbo ẹ̀ ló sọ. Ìwọ náà sọ tìẹ, kí n wò ó bóyá ó bára mu."