Kọ́kọ́rọ́ Kejì Àpótí Ọtí

“Anselme, ibo lo fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí?”

Òkú ọkọ rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn ni opó náà ń bi léèrè. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bi í bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí dókítà ti ka ọtí léèwọ̀ fún un, tí obìnrin náà ti àpótí ọtí pa, tó sàmì sára àwọn ìgò inú rẹ̀, tó so kọ́kọ́rọ́ kan mọ́ ọrùn, tí èkejì sì di àwátì. Lálaalẹ́ ló ń gbóòórùn ẹnu ọkọ rẹ̀.

Léontine, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gba kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó ṣí àpótí náà láti bu ọtí fún àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn.

“Ìyàwó wa, ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì kún dé ojú àmì rẹ.”

“Omi ló fi dí i, ẹ̀gbọ́n.”

Léontine tọ́ ọ wò, ó wúkọ́. “Omi wo? Iná lèyí!”

“Á jẹ́ pé kò rí kọ́kọ́rọ́ náà ni.”

Àlùfáà wọlé. Opó náà gbójú sókè, ó nawọ́ sí àgbélébùú ara ògiri kí ó lè mú ẹ̀ka ewé Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tí wọn yóò fi wọ́n omi mímọ́ sí òkú lára. Anselme fúnra rẹ̀ ló máa ń so tuntun mọ́ àgbélébùú náà lọ́dọọdún.

Kọ́kọ́rọ́ kejì náà wà lórí okùn tí ọkọ rẹ̀ fi so ewé náà, ó ń dán gbinrin, lókè ìrọ̀rí àwọn méjèèjì.