Igbe Tẹnṣánà Lọ́nà Òkèhò

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn la sin ọkọ mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ń wà bọ̀ lọ́nà Òkèhò nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ọmọ tuntun. Mo dúró, mo kàn jókòó síbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ mẹkáníìkì jáde láti inú igbó, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Tẹnṣánà ni, òun ló ń fa bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì le. Wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọ́n fi tẹnṣánà àtijọ́ sílẹ̀. Tó bá tú, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ mi ṣe nígbà tó pààrọ̀ bẹ́líìtì náà.

Ọkùnrin náà fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan lé ẹ́ńjìnnì, ó fi etí lé èkù rẹ̀ láti gbọ́ ìró inú irin, bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ pa á, mà."

Mo pa á, mo sọ̀ kalẹ̀. Igbe náà kò dáwọ́ dúró.

Kò ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó gbé ẹnu sukudiráfà kúrò lára irin, ó fi kan àyà ara rẹ̀, ó wá na èkù sukudiráfà náà sí mi.

"Ẹ wá gbọ́ ọ."

Láti àárọ̀ ni ẹ̀rù ti tán lára mi. Mo sún mọ́ ọn, mo fi etí lé èkù náà: inú àyà rẹ̀ ni igbe náà ti ń wá.