Kò Sí Ààyè ní Ilé Ohùn

Kí ọkọ mi tó kú, ó sọ orúkọ ọmọ inú mi sínú Ilé Ohùn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tọ́jú ohùn òkú. Lónìí tí ìkómọ pé, mo fi fóònù pe Ilé Ohùn láti gbọ́ orúkọ náà.

"Iṣẹ́ ti wọ̀ wá lọ́rùn," ni ẹ̀rọ wí. "Kò sí ààyè, àfi tí ẹnì kan bá jáde."

"Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

"Ogójì ènìyàn, ẹbí ọkọ yín ni gbogbo wọn."

Mo wo pálọ̀. Kálukú gbé fóònù sétí, wọ́n ń gbọ́ ohùn ọkọ mi, wọ́n ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan jáde!"

Ìyá ọkọ mi jágbe mọ́ mi: "Ṣé ìwọ lo bí ọmọ mi fún mi?"

Mo gbé ọmọ mi sókè lójú wọn, mo sọ ọ́ ní Kòsáàyè.